Ìjà Tí Wọ́n Ń Gbé Gun Òkè

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta

Màámi, Bàámi,

Ẹ kú òtútù. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú àtijọ́. Mo ti kí yín tán. Inú ń bí mi.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ ọ́ lórí fóònù. Fóònù wo? Tèmi bọ́ sínú garawa ìfọṣọ, ó sì kú síbẹ̀. Ti Ìyá Àgbà ló kù, ẹ̀yin náà sì mọ ìyá yín, Màámi. Wọn kì í gbé fóònù sétí. Orí máṣíìnì ìránṣọ ni wọ́n máa ń gbé e sí, wọ́n á tan ohùn ẹ̀ síta, gbogbo àwọn ọmọṣẹ́ wọn á wá máa dá sí i. "Màámi òkè òkun, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o! Ohùn yín ti sanra!" Ṣé ibẹ̀ ni kí n ti wá sọ ọ̀rọ̀ inú mi? Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà nìyẹn, bí ẹni tó gbé ayé ìgbà tí Ìyá Àgbà ṣì jẹ́ ọmọge.

Fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ dé. Ẹ̀yin méjèèjì lórí òkúta, ẹ dé irú fìlà kan náà, atẹ́gùn fẹ́ jákẹ́ẹ̀tì Bàámi títí ó fi dà bí ẹni tó lóyún. Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi abẹ́rẹ́ gún ọwọ́. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ẹ ní ẹ ò ráyè wálé lọ́dún tó kọjá, iṣẹ́ ni. Ẹ ní ẹ ò ráyè wá lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn náà. Àyè gígun òkè wá wà, àyè ọmọ ni kò sí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn gan-an ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń ṣe bí ẹni tó ń gbálẹ̀. Màámi, ẹ̀yin lẹ wà lórí fóònù, àwọn ọmọṣẹ́ ti lọ sílé. Mo gbọ́ tí Ìyá Àgbà ní, "Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ pínyà, ẹ jẹ́ kí n tètè mọ̀, kí n má jẹ́ ẹni ìkẹyìn tó máa gbọ́ nínú ilé ara mi." Lẹ́yìn náà wọ́n gbé fóònù sétí, ohun tí wọn kì í ṣe, wọ́n ń mi orí. Mi ò gbọ́ ohun tí ẹ fèsì.

Ṣé òótọ́ ni? Ẹni tó fẹ́ pínyà, ṣé ó máa ń gun òkè pọ̀? Tó bá jẹ́ òótọ́, ta ni mo máa jẹ́ ọmọ ẹ̀? Ẹ dá mi lóhùn lórí èyí kí ẹ tó sọ nǹkan mìíràn.

Èmi ni, ọmọ tí Bàámi sọ ní Ojú-Òjò torí pé ojú ẹ̀ máa ń ṣú kí ẹkún tó dé. Ó ti ṣú báyìí o.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Ibi iṣẹ́ ni mo ti kà á, nínú yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, mo sì kọjú sógiri kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi má bàa rí mi. Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí ìyá ẹni nìyẹn, "mo ti kí yín tán, inú ń bí mi"? Ta ló kọ́ ọ? O tún wá ń fetí kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ìgbálẹ̀ tí o mú dání yẹn, ṣé ó gbálẹ̀ kankan?

Jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ òkè ṣe bẹ̀rẹ̀ fún ọ, kí o má bàa rò pé fàájì là ń ṣe. Bàbá rẹ ń wa tírélà kiri gbogbo ìpínlẹ̀ ilẹ̀ yìí. Èmi ń tọ́jú àwọn arúgbó lóru. Bí ó ṣe ń wọlé ni mò ń jáde. Bí mo ṣe ń wọlé ni ó ń hanrun. Ẹnu ọ̀nà la ti ń ríra, bí ọdẹ méjì tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Lọ́jọ́ ìsinmi kan mo ní, "Gbogbo ìpínlẹ̀ lẹ ti dé, ẹ ò mú mi dé ìkankan rí." Ó ní, "Kí lo fẹ́ rí níbẹ̀?" Mo ní, "Ẹ mú mi lọ síbi tó ga jù, kí n rí gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí n má tún padà wá." Àwàdà ni mò ń ṣe. Ìwọ náà mọ bàbá rẹ, bí o bá bá a ṣàwàdà, àṣẹ ló máa ń gbọ́. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó ti fi bírò yí ibi tó ga jù ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan po nínú máàpù.

Àkọ́kọ́ tí a gùn, bàtà tó fi ń lọ sóde ló wọ̀. Ó ní òkè kì í ṣe ẹrọ̀fọ̀. Èmi gbé agboòrùn, gbé ìrọ̀rí, gbé fíláàsì omi gbígbóná méjì. Kí a tó rin ìrìn tó ṣe gúnmọ́, bàtà òde ti la ẹnu. Màmá arúgbó kan tó jẹ́ ojúgbà Ìyá Àgbà kọjá lára wa, òun àti ajá ẹ̀, wọ́n ń gòkè. A ṣì wà níbi kan náà tí wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀. Bàbá rẹ takú pé kì í ṣe ẹni yẹn, pé ìbejì ni wọ́n. Mo ní, "Ajá náà ńkọ́?" Ó ní ajá náà ní ìkejì.

A wá ṣe òfin kan, ọmọ mi, má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ilé ti di ibi ìjà, torí ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí a fi ń ríra lẹ́nu ọ̀nà, ìjà la fi ń jẹ tán. A ní ó tó. Kò sí ìjà nílé mọ́. Bí ọ̀rọ̀ kan bá bí ẹnikẹ́ni nínú, kó gbé e mì, kó di òkè tó kàn. Orí òkè la ó ti jà á. Ìgbà tí a bá sì fi máa dé orí òkè, èémí ò sí láti jà. Nígbà mìíràn a ti gbàgbé ohun tó fà á. Lókè kejì, mo rántí pé mo ní ẹ̀sùn, mo tiraka, mi ò rántí ẹ̀sùn. Mo ní kó kúkú bẹ̀ mí, ó sì bẹ̀ mí.

Ní ti ìbéèrè rẹ, ọ̀rọ̀ àgbà nìyẹn. Kọjú sí ìwé rẹ.

Ìyá rẹ ni.

Ojú-Òjò, èmi bàbá rẹ rèé. Mo gba bírò lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tó lọ gbé omi kaná. Ìbejì ni wọ́n. Mo fi orí mi búra.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹrin

Màámi, Bàámi,

Ẹ kú gígun. Ẹ kú sísọ̀. Ẹ kú èémí.

Mo ka lẹ́tà yín, mo sì rẹ́rìn-ín níbi ọ̀rọ̀ ìrọ̀rí, inú sì tún bí mi pé mo rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bèèrè. Ẹ gbé ajá dá mi lóhùn.

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan. Mo ti sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé ìjọba ibẹ̀ ló gbà yín síṣẹ́, pé kí ẹ máa lọ wò ó bóyá àwọn òkè ti kúrú sí i. Ọ̀rọ̀ náà dé etí olùkọ́. Ó ní kí n bọ́ síwájú kí n ṣàlàyé. Mo ṣàlàyé. Mo ní òjò ló ń fọ orí òkè lọ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀yin lẹ sì ń wọ̀n ọ́n. Ó ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi látìgbà tí mo ti ń tún kíláàsì yìí ṣe nìyẹn. Irọ́ ni mo fi gbà á. Ẹ má sọ fún Ìyá Àgbà.

Ìyá Àgbà ò tiẹ̀ gbà yín gbọ́. Wọ́n ní, "Kí ni àwọn yẹn gbàgbé sórí òkè tí wọ́n ń lọ gbé?" Mo ní wọn ò gbàgbé nǹkan kan. Wọ́n ní, "Ẹni tí kò gbàgbé nǹkan kì í fẹsẹ̀ ara ẹ̀ gun òkè. Ìsàlẹ̀ ló yẹ ká ti máa wò ó." Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n ń nù ún, wọ́n ń nù ún. Wọ́n ń bẹ̀rù. Èmi náà ń bẹ̀rù. A jọ ń jókòó nínú ilé kan, à ń bẹ̀rù ohun kan náà, a ò sì lè sọ ọ́ fún ara wa, torí ó yẹ kí n má mọ̀.

Ẹ ní ẹ ti gbé ìjà kúrò nílé lọ sórí òkè. Ó dáa. Ìjà wo? Ẹni méjì tó ń ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí kò ríra, kí ni wọ́n rí jà sí? Bàámi, ẹ̀yin ni mo bi. Màámi á ní ọ̀rọ̀ àgbà ni.

Ojú-Òjò.


Ogúnjọ́, oṣù karùn-ún

Ojú-Òjò mi,

Inú tírélà ni mo ti ń kọ̀wé yìí, níbi tí àwa awakọ̀ máa ń páàkì sí láti sùn. Orí ìdarí ọkọ̀ ni mo gbé ìwé lé, torí náà má wo bí lẹ́tà mi ṣe rí wágunwàgun.

Ìyá rẹ kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

O bèèrè ìbéèrè, o sì dárúkọ mi. Mi ò lè parọ́ fún ọ. Ìpínlẹ̀ tó kàn tí a fẹ́ lọ, wọ́n ní ibi tó ga jù níbẹ̀ kò ṣe é fojú di. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ra okùn. Mo ra bàtà bọ́ọ̀tù fún àwa méjèèjì, kí a má tún gbọ́ ti bàtà òde. Ìyá rẹ di oúnjẹ bí ẹni tó fẹ́ lọ gbé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan sì ti wà nílẹ̀ láti inú ilé, ọ̀rọ̀ ńlá. A gbé e mì bí òfin ṣe wí. Ẹnì kan ò sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ọkọ̀. À ń fi í pamọ́ de òkè.

A dé ìlú náà, mi ò rí òkè. Oko àgbàdo ni, ó tẹ́ pẹrẹsẹ títí dé ibi tí ojú lè dé. Mo bi bàbá àgbẹ̀ kan tó gbé garawa dání, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo ni ibi tó ga jù ní ìpínlẹ̀ yìí?" Ó wo bọ́ọ̀tù mi. Ó wo okùn tí mo gbé kọ́ èjìká. Ó ní, "O dúró lé e lórí."

Mo wolẹ̀. Òkúta kékeré kan wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, wọ́n kọ nǹkan sí i. Àga pákó méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ fún àwọn àlejò. Ilé àwọn màlúù wà lẹ́yìn wa.

Ìyá rẹ ní, "Ṣé èyí ni?"

Mo ní, "Èyí ni."

Ó ní, "A ti dé òkè nìyẹn."

Mo ní, "A ti dé."

Ó wá bẹ̀rẹ̀. Èémí ẹ̀ pé, èémí tèmi náà pé. Òkè ló máa ń gba ìjà lẹ́nu wa, ọmọ mi. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ kì í gba nǹkan kan.

Ìwọ ni ìjà náà. Mi ò ní kí o ṣẹ̀ o. Ìyá rẹ ní òun fẹ́ dẹrù kí òun padà sílé wá bá ọ, pé nígbà tí ìwé ìrìnnà rẹ bá máa fi jáde kí o tó lè wá síbí, o ti di ìyàwó ilé. Èmi ní kó ní sùúrù, pé tó bá kúrò ní báyìí, gbogbo ohun tí a ti ń dúró dè bàjẹ́. Ó ní sùúrù tòun ti hewú. Mo ní... Ojú-Òjò, mo ní, "Ìwọ náà lo kúkú ní ká fi í sílẹ̀."

Ẹyin lohùn. Mo rí i nígbà tó bọ́, mi ò rí i gbé.

Bàbá àgbẹ̀ yẹn ò gbọ́ èdè wa, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ìjà. Ó ṣí fìlà lórí bí ẹni tó wà níbi ìsìnkú. Ìyá rẹ gbé báàgì ẹ̀, ìyàwó àgbẹ̀ fi ọkọ̀ gbé e lọ síbi tí bọ́ọ̀sì wà. Mo jókòó sórí àga, lórí ibi tó ga jù ní odidi ìpínlẹ̀, màlúù kan ń wò mí.

Nígbà tí mo délé, ó ti kó aṣọ díẹ̀ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún ọ ju ìyẹn lọ. Mo fẹ́ parọ́, mi ò rí irọ́ náà kọ.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹfà

Màámi,

Mi ò kí yín lónìí. Ẹ má bínú. Mo kúnlẹ̀ nínú ọkàn mi.

Bàámi ti sọ ọ́ fún mi. Mo kà á nínú ilé ìwẹ̀, mo ṣí omi sílẹ̀ kí wọ́n má gbọ́ mi. Nígbà tí mo jáde, Ìyá Àgbà ní ṣé ọṣẹ ló bọ́ sí mi lójú. Mo ní ọṣẹ ni.

Lọ́jọ́ tí ẹ pè, tí mo sáré já fóònù gbà lórí máṣíìnì, tí mo ní, "Màámi, ibo ni Bàámi wà?", ẹ ní, "Wọ́n wà níbi iṣẹ́." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń gbọ́. Àwọn ọmọṣẹ́ ní, "Bàámi kú iṣẹ́ o!" Ẹ sì ní, "Wọ́n ní kí n kí yín." Màámi, wọn ò ní kí ẹ kí ẹnikẹ́ni. Ẹ ò tiẹ̀ rí wọn.

Ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀? Mi ò bínú. Mo kàn fẹ́ mọ̀. Rárá, mo bínú. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ̀ ju bí mo ṣe bínú lọ.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kìíní, oṣù keje

Màámi, Bàámi,

Mo kọ lẹ́tà yìí ní ẹ̀dà méjì, ọ̀kan sí ilé, ọ̀kan sí ibi iṣẹ́ Màámi, torí mi ò mọ ibi tí ẹnikẹ́ni ń gbé mọ́.

Mo ti lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ títí obìnrin tó wà ní fèrèsé ti mọ̀ mí. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ló ti ń mi orí. Lánàá ó fún mi ní súìtì. Èmi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Mo gbà á, mo sì jẹ ẹ́.

Mi ò gbọ́ ìwé kankan tí wọ́n ń kọ́ wa. Mo jókòó, olùkọ́ ń la ẹnu, mi ò gbọ́ ohùn. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n má da ara mi láàmú, pé àwọn òbí tòun náà pínyà, pé ó máa ń mọ́ èèyàn lára. Mo ní ìwọ ló mọ́ lára.

Ẹ gbọ́, mo ti rò ó. Tó bá jẹ́ pé èmi ni ìjà náà, ẹ fi mí sílẹ̀ síbí. Mi ò bèèrè ìwé mọ́. Mi ò bèèrè pé ìgbà wo lẹ ń bọ̀. Ẹ padà sílé kan náà, ẹ máa gun òkè yín, ẹ máa fi fọ́tò ránṣẹ́, màá sì máa rẹ́rìn-ín sí i. Ìyá Àgbà ń tọ́jú mi. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń ran etí aṣọ. Mi ò ní jẹ́ ìjà ẹnikẹ́ni.

Ẹ sáà má pínyà torí mi. Mi ò ní lè gbé e.

Ojú-Òjò.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù keje

Ọmọ mi, ọmọ tí mo fi ara mi bí,

Kí o tó ka nǹkan kan: A Ò PÍNYÀ. Mo kọ ọ́ gàdàgbà kí o lè rí i kí omijé tó bò ọ́ lójú. Bàbá rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí, ó ń fi ìgúnpá tì mí, ó ní ọwọ́ mi kò yá.

Dáríjì wá lórí dídákẹ́ tí a dákẹ́. Èmi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà, mo ya á. Bàbá rẹ bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀, ó ya á. Kò sí èyí tó fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa kọ ọ̀rọ̀ burúkú yẹn sí ọ. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà rẹ méjèèjì dé lọ́jọ́ kan náà, tèmi níbi iṣẹ́, tiẹ̀ nílé. Mo kà á dé ibi tí o ti ní kí a fi ọ́ sílẹ̀. Mo ní láti jókòó sórí ibùsùn ọ̀kan nínú àwọn arúgbó mi. Ìyá yẹn sún fún mi, ó ní, "Sunkún dáadáa, mi ò ní sọ fún ọ̀gá."

Gbọ́ bó ṣe lọ. Ọjọ́ tí a fẹ́ gun òkè tó kàn, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni a ti gba ìsinmi ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, èmi lọ́tọ̀, òun lọ́tọ̀. Mo ní kí ọ̀gá mi yí i padà. Ó ní kò ṣe é yí. Mo wá rò ó pé, kí n jókòó sí yàrá ẹni ẹlẹ́ni kí n máa wo ògiri? Òfin náà ṣì wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fagi lé e: bí inú bá ń bí ẹ, gbé e lọ sórí òkè. Mo wọ bọ́ọ̀sì, mo lọ. Mo ń sọ fún ara mi lójú ọ̀nà pé òun ò ní wá, pé ojú ń tì í. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ẹni méjì ni mo dì.

Ojú-Òjò, bàbá rẹ rèé, èmi náà di oúnjẹ ẹni méjì. Oúnjẹ ẹni mẹ́rin ló dórí òkè yẹn. Ó yá, mo ti dá bírò padà.

Òkè gidi lèyí. Ó le, òkúta ẹ̀ ń yọ̀. Mo ti ń gùn ún fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí mo rí ìdí kan níwájú mi tó ń fì sọ́tùn-ún, tó ń fì sósì, bí ìdí tírélà tí ẹrù ẹ̀ kò dọ́gba. Mo mọ ìdí yẹn. Mo ti fọ ṣòkòtò ẹ̀ fún ogún ọdún. Mo húkọ́. Kò bojú wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ó dẹ ẹsẹ̀.

Báyìí la ṣe ń lọ, òun níwájú, èmi lẹ́yìn. A dé ibi òkúta kan tó dúró ṣánṣán. Ó gun ún. Ó dúró níbẹ̀, ó kẹ̀yìn sí mi, ó wá na ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó ń gba nǹkan lọ́wọ́ aládùúgbò. Mo wo ọwọ́ náà títí. Mo dì í mú.

Orí òkè, èémí wa ti tán pátápátá. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ..." Ó mí. "Lọ́jọ́ yẹn..." Ó mí. "Kì í ṣe..." Mo ní, "Ẹ mí tán ná. Ẹ má lọ kú kí ẹ tó tọrọ àforíjì, kí n má baà máa dá gbé e kiri." Ẹ̀rín pa á. Ẹ̀rín náà fẹ́ gba ìyókù èémí tó kù sí i lára.

Nígbà tó mí tán, ó ní, "Àwa méjèèjì la fi í sílẹ̀." Ohun tí mo ti ń dúró dè láti ọjọ́ yìí nìyẹn, ọmọ mi. O bi mí bóyá èmi ni mo ní ká fi ọ́ sílẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́. Mo ní kí a lọ ṣètò ibi tí o máa gbé ná, pé kò ní pẹ́. Òun ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó pẹ́. A ò mọ̀ pé á pẹ́, láti ìgbà náà ni oníkálukú ti ń wá ọrùn ìkejì tó máa fi ẹ̀bi náà kọ́.

A jẹun. A jẹ oúnjẹ ẹni mẹ́rin. A tún bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn, jẹ́jẹ́ ni báyìí. Èmi ní màá wálé wá bá ọ. Òun ní kó ṣe díẹ̀, ìwọ lo máa wá. Ó ṣàdédé gé ọ̀rọ̀ ara ẹ̀, ó ní, "Ìyá yìí, ta ló ti bi ọmọ yẹn rí?"

A wo ara wa bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn tán kó tó rántí pé kọ́kọ́rọ́ wà nínú ilé.

Torí náà, à ń bi ọ́. Kì í ṣe pé kí o fi ara rẹ rúbọ bí o ṣe kọ ọ́ yẹn, mi ò fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀ mọ́. Kí ni ìwọ fẹ́? Ohun tí o bá sọ, a ò ní jà sí i.

Màmá rẹ, tó ti kó aṣọ ẹ̀ padà sílé.

Èmi bàbá rẹ náà ni. Ó ti ń pariwo sí mi lórí abọ́ tí mi ò fọ̀. Inú mi dùn débi pé mi ò tíì fọ̀ ọ́.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹjọ

Màámi mi àtàtà, Bàámi mi ọlọ́jọ́ pípẹ́,

Mo kúnlẹ̀, mo kí yín. Mo tún kí yín. Ẹ kú orí ire.

Orí pèpéle ilé ìfìwéránṣẹ́ ni mo ti ṣí i. Mo rí ohun tí ẹ kọ gàdàgbà, mi ò ka ìyókù, mo pa á dé, mo padà wọlé, mo sọ fún obìnrin fèrèsé pé, "Wọn ò pínyà!" Kò mọ ẹni tí mò ń sọ. Ó ní, "A dúpẹ́ o!"

Nígbà tí mo délé mo kà á tán. Mo dùbúlẹ̀ lórí ẹní pé kí n sinmi díẹ̀. Mo sùn. Mi ò mọ̀ pé oorun ti ń kùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní Ìyá Àgbà wá gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé mi lórí bóyá ibà ni, wọ́n gbé e lé àyà mi bóyá mò ń mí. Nígbà tí mo jí, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ní, "Kí ni wọ́n kọ sínú ìwé yẹn?" Mo ní, "Ìyá Àgbà, mo mọ̀. Mo ti mọ̀ látọjọ́ yìí. Wọn ò sì pínyà mọ́." Wọn ò bi mí bí mo ṣe mọ̀. Wọ́n kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní mi, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n ní, "Háà." Ẹ̀ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní ebi ń pa àwọn, pé ó ti pẹ́ tí ebi ti pa àwọn kẹ́yìn.

Ẹ ní kí ni mo fẹ́. Ẹnì kankan ò bi mí ní ìbéèrè yìí rí, ó sì le ju ìdánwò lọ. Mo jẹ ìka mi títí.

Mo fẹ́ parí kíláàsì yìí níbí, kí n yege, kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi lórí òótọ́. Tí ìwé bá ti jáde nígbà yẹn, màá wá. Tí kò bá tíì jáde, màá dúró, mi ò sì ní bínú sí yín. Ṣé mo gbìyànjú? Mi ò ṣèlérí pé ojú ò ní ṣú o, ojú ò sí lọ́wọ́ mi.

Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó dé, mo fẹ́ kí ẹ wálé. Ẹ má ní iṣẹ́. Ẹ gba ìsinmi bí ẹ ṣe ń gbà á fún òkè. Mo fẹ́ sùn sí yàrá kan, kí n máa gbọ́ yín ní yàrá kejì tí ẹ ń bá ara yín fa ọ̀rọ̀ lórí ajá àti ìbejì.

Kí ẹnì kan má dá wá jíṣẹ́ ìkejì o. Ẹ̀yin méjèèjì ni mo fẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ jà lójú ọ̀nà, ẹ jà. Kí ẹ sáà jọ dé.

Ojú-Òjò yín.